Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ilẹ̀kùn Ọba: Àwọn Ìwẹ̀fà Nínú Ààfin Ilẹ̀ Ṣáínà

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí ipa tí àwọn ìwẹ̀fà, ìyẹn àwọn ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, kó nínú ayé ààfin ilẹ̀ Ṣáínà. Ọ̀rọ̀ tó gùn ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ ni, ìjókòó kan kò sì lè gbé e tán. Mo ti ṣa ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ ọkàn rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ lónìí. Ibikíbi tí wọ́n bá ti kó gbogbo àṣẹ ìlú lé ẹnì kan lọ́wọ́, tí wọ́n sì sé ẹni náà mọ́ ẹ̀yìn ògiri, ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ni yóò di alágbára. Ètò ìjọba ló gbé agbára lé àwọn ìwẹ̀fà Ṣáínà lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ètò kan náà ti fi ọ̀bẹ gba ìran wọn. Àwọn òpìtàn ti bú wọn tó. Ó tó àkókò kí àwa náà béèrè pé, ta ló mú ọ̀bẹ dání?

Ìdí tí ọba fi ń wá ìwẹ̀fà

Ìwẹ̀fà kì í ṣe àjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Àwọn tó mọ ìtàn Ọ̀yọ́ mọ Ọ̀nà Ìwẹ̀fà, Ọ̀tún Ìwẹ̀fà àti Òsì Ìwẹ̀fà, àwọn mẹ́ta tí Aláàfin fi ọ̀rọ̀ ìdájọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ṣàngó àti ọ̀rọ̀ ìṣàkóso lé lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Òsì Ìwẹ̀fà a máa dúró nípò ọba níta, ọjọ́ tí ọba bá sì wàjà, òun náà a bá a lọ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ṣáínà, ohun tó jẹ́ oyè àwọn èèyàn díẹ̀ ní Ọ̀yọ́ di odindi ìlú inú ààfin. Nígbà tí ìdílé ọba Ming ń lọ sí òpin, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwẹ̀fà ló ń jẹun lọ́wọ́ ọba.

Ọmọ Ọ̀run ni wọ́n ń pe ọba Ṣáínà. Òun ló ń rúbọ sí ọ̀run nítorí gbogbo ènìyàn, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí iyèméjì kankan lórí ẹni tó bí ọmọ tí yóò jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ayaba àgbà kan wà, àwọn olorì mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọdébìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn sì pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọba nìkan ni ọkùnrin tó lè wà nínú ilé yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ pọnmi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáná, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru àga ọba, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ní òru. Ìwẹ̀fà ni wọ́n fi dí àlàfo náà.

Ìdí kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ìjòyè tó ní ọmọkùnrin lè fẹ́ ìtẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ìwẹ̀fà kò ní ọmọ tí yóò fẹ́ ìtẹ́ fún. Ẹ̀kọ́ Confucius sì ti fi yé àwọn ará Ṣáínà pé ọ̀dọ̀ òbí ni a ti gba ara wa, a kò sì gbọdọ̀ bà á jẹ́. Mencius, ẹni tó tẹ̀ lé e, ka àìní ọmọ sí èyí tó burú jù nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè fi tàbùkù òbí rẹ̀. Ìwẹ̀fà rú òfin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹbí lè kọ̀ láti sin ín sí ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé a máa fi ojú ẹni ẹ̀gàn wò ó, àwọn ọmọ àdúgbò a sì máa fi ohùn rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ọba wá rò ó pé ẹni tí kò ní ibòmíràn tí yóò forí lé, òun nìkan ni yóò máa wò lójú. Èrò yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bí ọmọ ènìyàn ṣe ń di ìwẹ̀fà

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ìjìyà: ní ayé ìdílé ọba Han, ìjọba a máa tẹ ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ ikú lọ́dàá, kí wọ́n tó fi ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì ni ogun: bí àwọn ọmọ ogun ọba bá ṣẹ́gun ní ààlà ilẹ̀, wọ́n a kó àwọn ọmọdékùnrin, wọ́n a sì tẹ̀ wọ́n lọ́dàá fún iṣẹ́ ààfin.

Ẹ̀kẹta ló bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí ìṣẹ́ ni. Ní ayé Ming àti ayé Qing, ìdílé ọba tó tẹ̀ lé e, ìyàn àti gbèsè a máa lé àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ àríwá, pàápàá ní agbègbè Hejian tí kò jìnnà sí Beijing, débi pé bàbá a mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, a mú un lọ bá ọlọ́bẹ. Ìrètí rẹ̀ ni pé ọmọ náà yóò jẹun yó láàfin, bóyá yóò sì fi owó ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ kan. Ìjọba Ming fi òfin de kí ẹnikẹ́ni máa tẹ ara rẹ̀ lọ́dàá láìgba àṣẹ, wọ́n sì tún òfin náà kéde léraléra, ṣùgbọ́n ebi kò gbọ́ òfin. Ẹni tó bá ti gé ara rẹ̀ tí ààfin kò gbà, kò sí ohun tó kù fún un ju alágbe ẹ̀bá ọ̀nà lọ.

G. Carter Stent, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbé ní Ṣáínà, kọ àkọsílẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọdún 1877. Ó ní lẹ́yìn ẹnubodè ìwọ̀-oòrùn ààfin ni àwọn ọlọ́bẹ ní ilé kékeré kan, iṣẹ́ ìran ni iṣẹ́ náà, ìwọ̀n fàdákà mẹ́fà, tí wọ́n ń pè ní tael, sì ni owó rẹ̀. Wọ́n á fi aṣọ di ikùn àti itan onítọ̀hún gírígírí, wọ́n á fi omi ata gbígbóná wẹ ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á sì bi í, tàbí àwọn òbí rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọmọdé, pé ṣé kò ní kábàámọ̀? Bí ó bá ṣiyèméjì, wọ́n á tú u sílẹ̀. Bí ó bá gbà, gbogbo ohun tó fi jẹ́ ọkùnrin ni ọ̀bẹ yóò gbà. Wọ́n á wá ki ohun kan bọ ojú ihò ìtọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, omi kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n á yọ ohun tí wọ́n fi dí i: bí ìtọ̀ bá tú jáde, yóò yè, bí kò bá jáde, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́.

Wọn kì í sọ ohun tí wọ́n gé nù. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ gíga. Ààfin á béèrè láti rí i nígbà tí ìwẹ̀fà bá fẹ́ gba ipò tó ga, wọ́n á sì sin ín mọ́ ọn nígbà tó bá kú, kí ó lè padà bá àwọn baba rẹ̀ ní odidi. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa àwọn èèyàn yìí, kò sí èyí tó fi ìrora wọn hàn mí tó àṣà yìí. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, ọ̀nà tí wọn yóò gbà padà sílé ni wọ́n ń wá.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ààfin wàyí. Ní ọdún 1420, ọba Yongle ti ìdílé Ming parí kíkọ́ ààfin Beijing tí wọ́n ń pè ní Ìlú Èèwọ̀. Lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ni Nguyen An, ìwẹ̀fà ọmọ Vietnam tí wọ́n kó lógun nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún àwọn gbọ̀ngàn ńlá mẹ́ta àti ẹnubodè mẹ́sàn-án ìlú náà kọ́ láàárín ọdún 1430 sí 1450, òun ni ọ̀gá iṣẹ́.

Ọ́fíìsì mẹ́rìnlélógún ni àwọn ìwẹ̀fà Ming ń darí. Àwọn kan ń bójú tó oúnjẹ ọba, àwọn kan ń rán aṣọ, àwọn kan ń hun aṣọ ṣẹ́dà, àwọn kan ń tọ́jú èdìdì ìjọba, àwọn kan ń ṣe ohun ìjà. Ọtí ní ọ́fíìsì tirẹ̀, igi ìdáná àti èédú ní tiwọn, ilé ìwẹ̀ náà ní tirẹ̀. Àwọn kan ń tẹ ìwé, àwọn kan sì ń tọ́jú ọgbà. Ní ayé Qing, ọ́fíìsì ìwẹ̀fà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé pátákó kéékèèké tí orúkọ àwọn olorì wà lára rẹ̀ wá síwájú ọba nígbà oúnjẹ alẹ́, kí ọba dojú èyí tó bá wù ú dé. Wọ́n á kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣiyèméjì bí olorì náà bá lóyún.

Ní ọdún 1426, ọba Xuande dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ láàfin, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọba ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ìwẹ̀fà ní ìwé kíkà àti kíkọ. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn. Ọjọ́ tí ìwẹ̀fà ti lè ka ìwé tí wọ́n kọ sí ọba, ipò rẹ̀ ti yí padà.

Láàárín ara wọn, àgbà àti èwe wà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a fi ara rẹ̀ sábẹ́ ọ̀gá, a máa jí ṣáájú rẹ̀, a máa fọ aṣọ rẹ̀, a sì máa jẹ pàṣán bí ó bá ṣe àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ jùlọ wọn kò rí ojú ọba ní tòótọ́. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n gbé àwo, wọ́n darúgbó, wọ́n kú. Àwọn kan bá àwọn ọmọbìnrin ààfin dá àjọṣe, wọ́n a jọ máa jẹun, wọ́n a máa ṣìkẹ́ ara wọn bíi tọkọtaya. Ọ̀pọ̀ gba ọmọ ẹlòmíràn tọ́, kí orúkọ wọn má baà parẹ́. Cao Cao, jagunjagun ńlá tí gbogbo ọmọ Ṣáínà mọ̀, ọmọ ọmọ tí ìwẹ̀fà Cao Teng gbà tọ́ ni. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ kọ́ tẹ́ńpìlì fún ẹ̀sìn Búdà, níbi tí àwọn arúgbó ìwẹ̀fà ti lè rí ibi sùn àti ẹni tí yóò gbàdúrà fún wọn. Tẹ́ńpìlì Zhihua tí ìwẹ̀fà Wang Zhen kọ́ ní Beijing ṣì dúró dòní, àwọn kan sì ṣì ń fọn fèrè orin àtijọ́ rẹ̀.

Bí agbára ṣe gba ẹnu ọ̀nà kọjá

Ọba tó dá ìdílé Ming sílẹ̀ ní ọdún 1368, Hongwu, mọ ìtàn dáadáa. Ó mọ ohun tí agbára ìwẹ̀fà ti dá sílẹ̀ ní ayé ìdílé ọba Han àti ti Tang. Ní ọdún 1384, ó ní kí wọ́n ri pátákó irin kan mọ́ ààfin, tó sọ pé ìwẹ̀fà tó bá dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba, orí rẹ̀ ni yóò fi san án. Ṣùgbọ́n ọba kan náà yìí ti ṣe ohun tó ju pátákó irin lọ. Ní ọdún 1380, ó ti pa olórí ìjòyè rẹ̀, ó sì pa ipò náà rẹ́ títí láé. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìwé ìjọba láti gbogbo ìpínlẹ̀ ní láti wá sọ́dọ̀ ọba fúnra rẹ̀.

Hongwu lè ṣe é, nítorí kì í sinmi. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ kò lè ṣe é. Àwọn akọ̀wé àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdáhùn tí wọ́n dámọ̀ràn sórí bébà kékeré, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà. Ọba ló yẹ kó fi yíǹkì pupa fọwọ́ sí i. Nígbà tí ó bá rẹ ọba, tàbí tí ọba bá jẹ́ ọmọdé, àwọn ìwẹ̀fà ọ́fíìsì Ìlànà Ààfin, èyí tó ga jù nínú ọ́fíìsì mẹ́rìnlélógún, ló ń bá a fi yíǹkì pupa náà kọ ọ́. Nígbà mìíràn, àwọn akọ̀wé àgbà kì í rí ọba fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìwẹ̀fà ń rí i lójoojúmọ́. Ta ló wá ń ṣèjọba?

Ọba Zhengtong gorí oyè ní ọdún 1435, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wang Zhen ló ti ń kọ́ ọ níwèé láti kékeré, ọmọ náà sì ń bọ̀wọ̀ fún un bí olùkọ́. Pátákó irin Hongwu pòórá lára ògiri. Ní ọdún 1449, Wang Zhen rọ ọba pé kí ó fúnra rẹ̀ ṣáájú ogun lọ bá àwọn Mongol. Ní Tumu, àwọn ọ̀tá ká wọn mọ́, omi tán, ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà túká, Wang Zhen kú síbẹ̀, wọ́n sì mú ọba Ṣáínà ní ìgbèkùn.

Èyí tó burú jù ni ti Wei Zhongxian. Ọba Tianqi, tó jọba láti 1620 sí 1627, fẹ́ràn iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ju ìwé ìjọba lọ. Wei gba ìdarí Àgọ́ Ìlà-Oòrùn, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá inú tí Yongle dá sílẹ̀ ní 1420 tí ìwẹ̀fà ń darí. Ní 1624, ìjòyè Yang Lian kọ ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́rìnlélógún tí Wei dá ránṣẹ́ sí ọba. Ní ọdún kejì, Yang Lian kú sínú túbú lẹ́yìn ìyà tí ẹnu kò lè ròyìn. Àwọn gómìnà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ojúbọ fún Wei nígbà tó ṣì wà láàyè. Nígbà tí ọba tuntun gorí oyè ní 1627, ó lé Wei kúrò ní Beijing, Wei sì pokùnso lójú ọ̀nà.

Àwọn tó ti ṣáájú Hongwu gbìyànjú oògùn mìíràn. Ní ọdún 189 lẹ́yìn ìbí Kristi, lẹ́yìn tí àwọn ìwẹ̀fà Han pa ọ̀gágun He Jin láàfin, ìjòyè Yuan Shao kó ọmọ ogun wọlé, wọ́n sì pa ìwẹ̀fà tó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Wọ́n pa àwọn ọkùnrin tí kò ní irùngbọ̀n mọ́ wọn, àwọn mìíràn sì ní láti bọ́ ṣòkòtò kí wọ́n tó dá ẹ̀mí wọn sí. Ní ayé Tang, tí àwọn ìwẹ̀fà ti ń darí ọmọ ogun ààfin, tí wọ́n sì ń yan ọba bí ó ṣe wù wọ́n, jagunjagun Zhu Wen pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ní 903. Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Han kò gbádùn mọ́ láti ọdún 189 títí tó fi wó. Ní 907, Zhu Wen fúnra rẹ̀ ló gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Tang. Àwọn àgbà wa ti wí i: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n pa àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àwọn tó fi ara gígé ṣe ohun ńlá

Bí a bá dúró lórí Wang Zhen àti Wei Zhongxian, a ti ṣe àìṣòótọ́. Àwọn mẹ́ta kan wà tí gbogbo ayé jẹ ní gbèsè.

Sima Qian ni òpìtàn ààfin ọba Wu ti Han. Ní ọdún 99 ṣáájú ìbí Kristi, ọ̀gágun Li Ling jagun títí agbára rẹ̀ tán, ó sì túúbá fún àwọn ọ̀tá, ìyẹn àwọn Xiongnu. Gbogbo ààfin bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Sima Qian nìkan ló gbèjà rẹ̀. Inú bí ọba, ó dá a lẹ́bi ikú. Owó lè ra ẹ̀mí rẹ̀ padà, kò ní owó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dákẹ́. Àwọn èèyàn rò pé yóò pa ara rẹ̀ kí ìtìjú tó bá a. Ó yàn láti di ìwẹ̀fà, nítorí pé bàbá rẹ̀, Sima Tan, ti bẹ̀ ẹ́ lórí ibùsùn ikú pé kí ó parí ìwé ìtàn tí òun bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà ní orí 130. Láìsí i, ìmọ̀ wa nípa ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́ ì bá kéré jọjọ.

Cai Lun ni ẹnì kejì. Ní ọdún 105 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó gbé bébà tí wọ́n fi èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n ẹja tó ti gbó ṣe wá síwájú ọba He. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí irú bébà tó ṣáájú tirẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé òun ló mú ọ̀nà náà wá síwájú ọba tó fi tàn ká gbogbo ilẹ̀. Bébà tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ìran iṣẹ́ náà ni.

Ẹnì kẹta ni Zheng He. Wọ́n bí i ní Yunnan ní ọdún 1371, sínú ìdílé Mùsùlùmí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ming ṣẹ́gun Yunnan, wọ́n mú un, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n fi ṣe ẹrú fún ọmọ ọba tó padà di Yongle. Àwa Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Zheng He jẹ́ ẹ bí ọmọ. Láti 1405 sí 1433, ó ṣáájú ìrìn àjò orí òkun méje, ó sì kó ènìyàn tó lé ní 27,000 lọ ní ti àkọ́kọ́. Ní erékùṣù Sri Lanka, òkúta tí wọ́n gbẹ́ ní 1409, tí wọ́n rí ní Galle, ṣì wà, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lára ní èdè Ṣáínà, Tamil àti Páṣíà. Àwọn ọkọ̀ rẹ̀ dé etíkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Adúláwọ̀ wa, ní Mogadishu àti Malindi. Ní 1415, àwọn ará Malindi fi àgùnfọn kan ránṣẹ́ sí Yongle, àwọn ará ààfin sì kí i káàbọ̀ bí ẹranko mímọ́ tó máa ń yọjú nígbà tí ọba rere bá wà lórí oyè. Lẹ́yìn 1433, ìjọba dá ìrìn àjò náà dúró. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọba kà á sí ìfowóṣòfò àwọn ìwẹ̀fà.

Ta ló kọ ìtàn wọn?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé yìí ṣe pàtàkì. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìdílé ọba tuntun ló ń kọ ìtàn èyí tó ṣáájú rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé tó yege ìdánwò ìjọba sì ni akọ̀wé. Wọ́n fi ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún kàwé kí wọ́n tó dé ibi tí ọba wà, wọ́n wá bá ìwẹ̀fà tí kò ṣe ìdánwò kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń bá ara wọn du etí ọba. Nígbà tí ìdílé ọba bá wó, ó rọrùn fún akọ̀wé láti di ẹ̀bi lé ìwẹ̀fà lórí ju kí ó bú ọba fúnra rẹ̀ lọ. Orúkọ àwọn apààyàn kún inú ìwé. Orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó gbálẹ̀ títí tí wọ́n fi kú, kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ní 1644, nígbà tí ọlọ̀tẹ̀ wọ Beijing, tí ọba Ming tó kẹ́yìn pokùnso sórí òkè tó wà lẹ́yìn ààfin, ìwẹ̀fà Wang Cheng'en ló bá a kú níbẹ̀.

Ẹnì kan wà tó sọ òótọ́ tó wúwo jù. Àwọn ẹmẹ̀wà Wei Zhongxian pa bàbá ọ̀mọ̀wé Huang Zongxi sínú túbú ní 1626. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti kórìíra ìwẹ̀fà, òun ni. Síbẹ̀, nínú ìwé tó kọ ní 1663 lórí bí ó ṣe yẹ kí ìjọba rí, ó bú ìwẹ̀fà, ó sì tọ́ka sí ọba. Ó ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọba ló pọ̀ jù, bí ọba bá dín àwọn olorì rẹ̀ kù, ìwẹ̀fà mélòó kan péré ni yóò tó ààfin. Ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ ló wo ìdí igi tí ó rí gbòǹgbò.

Òpin ètò náà

Ìdílé ọba Qing gbìyànjú láti kọ́gbọ́n. Ní 1655, ọba Shunzhi ri pátákó irin tirẹ̀ mọ́ ààfin, àwọn tó tẹ̀ lé e sì fi ọ̀rọ̀ ilé ọba sábẹ́ ọ́fíìsì tí kì í ṣe ìwẹ̀fà ló ń darí rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ó ṣiṣẹ́. Ní 1869, ìwẹ̀fà An Dehai, àyànfẹ́ ìyá ọba Cixi, jáde ní Beijing lọ sí ìpínlẹ̀ Shandong bí ọlọ́lá. Gómìnà Ding Baozhen mú un, ó sì bẹ́ ẹ lórí. Ṣùgbọ́n bí Cixi ṣe ń bá a lọ láti máa pàṣẹ látẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tún di ibi tí agbára ń gbà, ìwẹ̀fà Li Lianying sì ni olùṣọ́ rẹ̀.

Ìdílé Qing kúrò lórí oyè ní 1912. Ọmọdé ọba tó kẹ́yìn, Puyi, ṣì ń gbé inú Ìlú Èèwọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1923, iná jó ààfin Jianfu, níbi tí ìṣúra wà. Puyi fura pé àwọn ìwẹ̀fà ló dáná náà kí wọ́n lè bo ohun tí wọ́n jí mọ́lẹ̀. Ní oṣù Keje, ó lé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún wọn jáde, ó dá ìwọ̀nba díẹ̀ padà láti máa tọ́jú àwọn olorì àgbà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bọ́ sí ìgboro kò ní iṣẹ́, kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ. Ọ̀pọ̀ sá lọ sínú tẹ́ńpìlì tí àwọn ìwẹ̀fà tó ti kú ti kọ́ sílẹ̀ dè wọ́n.

Sun Yaoting ni ìwẹ̀fà ààfin tó kẹ́yìn láyé. Ọdún 1902 ni wọ́n bí i. Ìṣẹ́ ta ìdílé rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá ní 1911. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé ọba ti fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ọmọ náà ti san owó ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì. Ó padà rí iṣẹ́ láàfin, ó sin Wanrong, ìyàwó Puyi, ó sì gbé ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ nínú tẹ́ńpìlì ní Beijing. Ní àkókò rògbòdìyàn Ìyípadà Àṣà tí Mao dá sílẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n sọ ìkòkò tí ohun tí wọ́n gé lára rẹ̀ wà nínú rẹ̀ nù. Ó kú ní 1996. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà níbí ti wà láyé nígbà náà.

Ohun tí a ó mú dání

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kí n tó jókòó. Bí ẹ bá ka ìtàn ààfin èyíkéyìí, ti Ṣáínà, ti Ottoman tàbí ti Ọ̀yọ́ ilé wa, tí ẹ bá rí ẹni tí gbogbo ìwé ń bú, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Ta ló kọ ìwé náà? Ta ló gbé ẹni yẹn sí ibi tó wà? Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀? Ìdáhùn yín kò ní wẹ Wei Zhongxian mọ́. Ẹ̀jẹ̀ Yang Lian wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà yóò fi ọba tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ hàn yín, àti bàbá tí ebi mú ọ̀bẹ lé lọ́wọ́.

Àwọn ọba Ṣáínà rò pé àìní ọmọ ni yóò sọ ènìyàn di olóòótọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì ọdún fi hàn pé irọ́ ni. Bí ìwẹ̀fà kan bá ṣe òótọ́, bíi Wang Cheng'en, ìwà rẹ̀ ló mú un ṣe é. Bí òmíràn bá dalẹ̀, àṣẹ tí kò ní ìdíwọ́ ló fún un láyè. Ohun tó lè dáàbò bo ìlú ni kí àṣẹ wà ní gbangba, kí ìwé ìjọba gba ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá, kí aláṣẹ máa jáde kí àwọn tó ń ṣe ìjọba lé lórí rí i, kí wọ́n sì lè bi í léèrè. Pátákó irin kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Pípa àwọn olùṣọ́ kò lè ṣe é. Ilẹ̀kùn ni kí a ṣí.